Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀fọ̀ ní Festac: Bí Èdè Òyìnbó Ṣe Di Ohùn Ìbánikẹ́dùn ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ní Festac Town àti káàkiri Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ikú kì í pẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkún tó kọ́kọ́ sọ nínú ilé lè jẹ́ ti Yorùbá, ti Ìgbò, ti Ẹ̀dó tàbí ti Ìbìbíò, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ géètì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. “Obituary” ló máa ń wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, àwòrán olóògbé á wà láàárín, “Transition to Glory” tàbí “Gone Too Soon” á sì bá a rìn, ọjọ́ orí ẹni tó kú ló ń sọ èyí tí wọ́n máa mú. Àwọn tó wá kí ọlọ́fọ̀ á bá ìwé ńlá kan lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, “Condolence Register”, wọn á kọ orúkọ, wọn á kọ gbólóhùn kan tàbí méjì, wọn á buwọ́ lù ú. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ ojú àti etí débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò náà kò fura pé wọ́n ní ìtàn. Ìtàn náà gùn, ó sì ju kí a kàn sọ pé òyìnbó jọba lé wa lórí lọ.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ẹnu ni wọ́n fi ń túfọ̀. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Àmúwò àti àwọn abúlé etí ọ̀sà tó yí i ká, àṣà wọn lórí ọ̀rọ̀ ikú kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Yorùbá yòókù. Wọn kì í dédé la ikú mọ́ ènìyàn lójú. Wọ́n lè yìnbọn fún òkú àgbà, kí àdúgbò gbọ́ kí wọ́n mọ̀. Ní ti àna àti ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn, àgbàlagbà ni wọ́n máa rán, á jókòó, á gba omi mu, á fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ọba kì í kú, wíwàjà ló ń wàjà. Àgbà a máa papòdà, a máa ṣípò padà. Ìkíni náà sì ní ipò tirẹ̀. Ẹni tó sin òbí tó dàgbà tó darúgbó, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè” ni wọ́n máa kí i, bí wọ́n bá sì bá àsè lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi “Ẹ kú ìnáwó” kún un. Ẹni tí ọ̀dọ́ kú mọ́ lọ́wọ́, “Ẹ kú ọ̀fọ̀” ni, “Ẹ kú aráfẹ́rakù” ni, “Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ àṣemọ” ni. Ọ̀fọ̀ ọmọ kì í ní ariwo rárá. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ẹnu sàréè, kò sì sí ẹni tó máa ń pe àpèjẹ lé e lórí.

Ohun méjì ló wà nínú ìkíni yìí tó yẹ kí a di mú, nítorí wọ́n máa padà wúlò. Èkíní ni pé ojú ni wọ́n fi ń ṣe é: ẹni tí kò wá kò kí ni. Èkejì ni pé àdúrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bá ènìyàn kẹ́dùn lédè Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun òun tó. Ọlọ́run ló ń bẹ̀ pé kó tu ọlọ́fọ̀ nínú, kó dáwọ́ ibi dúró, kó tẹ́ òkú sí afẹ́fẹ́ rere, kí ọjọ́ sì jìnnà síra wọn.

Ọ̀nà Àgbádárìgì ni Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fọ̀ gbà wọlé, ọ̀nà kan náà tí márosẹ̀ rẹ̀ ń kọjá níwájú Festac lónìí. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì; ní ìparí ọdún kan náà ni Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, dé ibẹ̀ kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì tẹ̀ dó sí Freetown, ti ń padà bọ̀ wálé nígbà náà. Àwọn ni wọ́n gbé àṣà ìsìnkú tuntun náà dé, ju òyìnbó fúnra rẹ̀ lọ. Ní Freetown, wọ́n ti mọ ìsìn òkú inú ìwé àdúrà Áńgílíkà, wọ́n ti mọ òkúta sàréè tí wọ́n fín orúkọ sí, wọ́n ti mọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Ẹni tí wọ́n jí gbé lọ́mọdé, tí kò mọ ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, kò lè fojú kékeré wo òkúta tí orúkọ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní oṣù Ògún 1861, àsìkò tí ọ̀fọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwò ní ìlú ọba gan-an ni. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ni Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, kú, ọbabìnrin náà sì wọ aṣọ dúdú títí òun náà fi jáde láyé ní 1901. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Aṣọ dúdú ní oríṣi, ó ní iye oṣù tí opó gbọ́dọ̀ fi wọ èyí tó dúdú kirikiri kó tó bọ́ sí èyí tó fúyẹ́. Bébà lẹ́tà ní etí dúdú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sórí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkọ́sórí. Àwọn Sàró ọlọ́lá ní Marina àti Broad Street kò gbẹ́yìn. Ní ìtẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1891, Gẹ̀ẹ́sì ló gba ara òkúta sàréè kan. Ìjọba ológun wó ìtẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tí kò yẹ kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tó wà lára òkúta wọ̀nyẹn ti ràn kọjá Àjẹ́lẹ̀ tipẹ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kó ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Òfin 1863 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sínú ìwé ní Erékùṣù Èkó. Láti ibẹ̀ àti láti kóòtù ni “deceased”, “demise”, “next of kin” àti “estate” ti wọ ẹnu àwọn akọ̀wé. “Widow” náà bá wọn dé, ó sì ní ìkejì, “widower”, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ níbi tí Yorùbá ti ń pe àwọn méjèèjì ní opó. “Orphan” wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú. Èdè náà kò ní orúkọ kankan fún òbí tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. “Bereaved” ni wọ́n ń lò fún irú wọn, ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ọlọ́fọ̀, tí kì í sọ ẹni tó kú.

Ìwé ìròyìn ló wá gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde síta gbangba. Robert Campbell dá The Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. Richard Beale Blaize gbé Lagos Times jáde ní 1880. John Payne Jackson tẹ̀ lé e pẹ̀lú Lagos Weekly Record ní 1891. Àwọn ìwé yìí kì í jẹ́ kí ẹni ńlá kú láì kọ ìtàn ayé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní London. Àmọ́ láti ìgbà tí Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù 1926, tí Ernest Ikoli jẹ́ olóòtú àkọ́kọ́ rẹ̀, ni nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, “obituary” ni ìtàn tí oníròyìn kọ nípa olóògbé. Ẹbí kò sanwó rẹ̀, oníròyìn náà sì lè sọ ibi tó kù sí lára olóògbé. Ní Èkó, ìpolówó tí ẹbí sanwó rẹ̀ ló dà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ya wọ ìlú ní àwọn ọdún 1970, ojú ewé kan odindi kò tó àwọn mìíràn. Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa èyí nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa ní 1991. Ó fi hàn pé àwọn tó wà láyé ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń polówó, bó ṣe ń polówó òkú. Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, tó rí dókítà, amòfin àti ẹni tó wà ní Houston láàárín wọn, kò ní jiyàn.

Irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Festac bá. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àgbáyé kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹrẹ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé 1977. Ilé tó wà níbẹ̀ lé ní 5,000. Nígbà tí àlejò lọ tán, Federal Housing Authority pín àwọn ilé náà fún ará ìlú, kèké ni wọ́n sì fi pín ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, sójà àti òṣìṣẹ́ báńkì láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà bá ara wọn nínú búlọ́ọ̀kù kan náà. Kò sí agbo ilé, kò sí mọ́gàjí, kò sí baálé tó máa pe ẹbí jọ. Ojú pópó pàápàá kò ní orúkọ ènìyàn: First Avenue, Second Avenue, títí dé Seventh, pẹ̀lú àwọn “Close” tí wọ́n fi lẹ́tà ABD pè. Ẹni tó wà lókè lè jẹ́ Urhobo, ti ìsàlẹ̀ lè jẹ́ Ìjẹ̀bú, ti ọ̀kánkán lè wá láti Nnewi.

Bí ikú bá wá kan ilẹ̀kùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, báwo ni aládùúgbò ṣe máa kí aládùúgbò? Ẹni tó mọ̀ pé “Ẹ kú aráfẹ́rakù” ló tọ́ kò lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn tún ń bẹ̀rù pé òun lè ṣi àṣà ẹni ẹlẹ́ni ṣe: ṣé wọ́n ń bẹ opó wò kó tó pé ọjọ́ méje? Ṣé ọkùnrin lè wọlé tọ̀ ọ́? Gẹ̀ẹ́sì ló gba gbogbo wọn sílẹ̀. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bínú pé wọn kò lò ó dáadáa. Kì í wáá ṣe Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ o. Wọ́n ti tún un dá.

“Sorry” ni kí a kọ́kọ́ wò. Lẹ́nu òyìnbó, ẹni tó ṣẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ́, bí kò bá sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀: wọ́n á ní àwọn “sorry” nítorí àdánù rẹ. Ní Festac, “Sorry o” kò nílò àlàyé. Ó ń ṣiṣẹ́ tí pẹ̀lẹ́ ń ṣe lédè Yorùbá, tí ndo ń ṣe lédè Ìgbò, tí sannu ń ṣe lédè Haúsá. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tó fẹsẹ̀ kọ, wọ́n ń sọ ọ́ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì. Àlejò òyìnbó tó bá gbọ́ ọ a máa rò pé ẹni náà ń tọrọ àforíjì ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Rárá. Ó ń kí i ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni fún gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ bí Yorùbá ṣe ní in, àwọn tó ní in ló fi “sorry” dí àlàfo náà.

Lẹ́yìn “sorry” ni àdúrà. Kò sí ìwé ìbánikẹ́dùn tí ẹgbẹ́ onílé tàbí ẹgbẹ́ ayálégbé Close kan máa kọ tí “fortitude to bear the loss” kò ní sí nínú rẹ̀: kí Ọlọ́run fún ẹbí ní agbára láti fara da àdánù náà. “Irreparable” sábà máa ń ṣáájú “loss”. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “fortitude” ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé; ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ kì í lò ó láti January dé December. Ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́fọ̀ ló mú un wà láyé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kẹ́dùn: ó bà mí nínú jẹ́, mò ń ronú rẹ. Èyí kò tó ará Festac, yálà Yorùbá ni tàbí Ìgbò. Ó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà. Èdè ìwé iṣẹ́ ìjọba ló sì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé àdúgbò náà, òun ni wọ́n fi gbé àdúrà baba wọn wọ̀.

“It is well” jinlẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ láì rántí ibi tó ti wá. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, obìnrin Ṣúnémù kan ni ọmọ rẹ̀ kú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀; ó tẹ́ òkú náà sórí ibùsùn wòlíì Èlíṣà, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ bá a, nígbà tí Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì náà, bi í bóyá ọmọ wà ní àlàáfíà, ó ní ó wà ní àlàáfíà. Horatio Spafford, amòfin ará Chicago, fi gbólóhùn kan náà ṣe orin lẹ́yìn tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rin rì sómi nínú ọkọ̀ Ville du Havre ní oṣù Bélú 1873. Ọ̀rọ̀ abiyamọ tó ṣòfò ni, ọ̀rọ̀ bàbá tó ṣòfò ni. Ní ẹnu ìjọ Pẹntikọ́sì òde òní, ẹni tó wá kí ni ló ń sọ ọ́ fún ọlọ́fọ̀, èyí sì yí i padà: ohun tí ọlọ́fọ̀ fi mú ara rẹ̀ dúró tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́ nígbà mìíràn. “Take heart”, ìyẹn kí ọlọ́fọ̀ mọ́kàn le, kò ní wàhálà yìí.

Ìwé ara géètì náà yẹ kí a fara balẹ̀ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí olóògbé bá dàgbà, “Celebration of Life” tàbí “Call to Glory” á gba orí rẹ̀, àwọ̀ á sì tàn: àwọ̀ wúrà, àwọ̀ àlùkò, ìyá àgbà nínú gèlè tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀dọ́ ni, “Painful Exit” ni, dúdú àti funfun ló sì sábà máa ń jẹ́. “Transition” rọwọ́ mú nílẹ̀ Yorùbá nítorí ó bá ìpapòdà mu wẹ́kú, bí ẹni pé wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní dárúkọ ikú. “Adieu Mama” náà wà níbẹ̀, Faransé lórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nínú ìlú Àwórì, kò sì sí ẹni tó rí i bí nǹkan àjèjì. Lábẹ́ àwòrán ni ọpẹ́ sí Ọlọ́run fún ayé tí olóògbé lò dáadáa, orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀, ọdún ìbí àti ọdún ikú. Lẹ́yìn náà ni ètò ìsìnkú ní wákàtí ní wákàtí, àti gbólóhùn kan tó jẹ́ ti Nàìjíríà pátápátá: “Entertainment of guests follows immediately”. Òyìnbó tó bá ka “entertainment” lórí ìwé òkú á rò pé oníṣẹ́ ìran ń bọ̀. Ìrẹsì àti ẹran ni, àti bóyá ẹgbẹ́ olórin pẹ̀lú. “Survived by” ló máa ń kẹ́yìn, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ, “among whom is” á sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó rí já jẹ jù lọ.

Nínú ètò wákàtí ní wákàtí yẹn, “lying-in-state” ló yẹ fún ẹ̀rín díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba tàbí ẹni ńlá bíi Winston Churchill ní 1965 ni wọ́n ń tẹ́ sí Westminster Hall kí ìlú wá wò ó. Ní Festac, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lè “lie in state” nínú pálọ̀ rẹ̀, láàárín òdòdó àti iná aláwọ̀ mèremère. Yorùbá ti ń tẹ́ òkú àgbà sílẹ̀ kí ará wá wò ó ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò rí ìdí tí orúkọ tó dára bẹ́ẹ̀ fi máa jẹ́ ti ọba nìkan. “Wake-keeping” náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: “wake” nìkan ni òyìnbó ń wí, àwa la fi “keeping” kún un nítorí àìsùn òkú jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣọ́ mọ́jú. Nígbà tí ìṣọ́ òru kò bá ààbò Èkó mu mọ́, tí àwọn ìjọ kan sì ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n fà á sí ìrọ̀lẹ́, wọ́n sọ ọ́ di “Service of Songs”. “Burial” wá di orúkọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ìsìn dé àsè. Bí ènìyàn bá sì ní “My father is late”, kò sí ará Àmúwò tó máa béèrè ìgbà tí bàbá náà máa dé.

Àwọn Mùsùlùmí kò bọ́ sínú ètò yìí tán. Ọjọ́ tí òkú wọn kú tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n ń sin ín, kò sí àkókò láti tẹ ìwé. Ìwé tiwọn, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ti àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni: “8th Day Fidau Prayer”, Lárúbáwá tó ti di Yorùbá, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dì. Àdúrà “Aljannah Firdaus” ló wà níbi tí àwọn Kristẹni ń kọ “perfect peace” sí.

Àwọn ọmọ Ìgbò ló sọ ìwé géètì di nǹkan ìrìnàjò. Láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn oníṣòwò ọjà mìíràn ti kó wọ Trade Fair Complex, níbi tí wọ́n ti ṣe àjọ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ní Èkó ní 1977, iye wọn ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin pọ̀ sí i gidigidi. Ìgbò kì í fẹ́ sin òkú àgbà sí ilẹ̀ àjèjì. Ìwé wọn máa ń sọ pé “wake-keep” wà ní Festac lọ́jọ́ kan, òkú á sì gbéra lọ sí Anambra tàbí Imo lọ́jọ́ kejì. Ìwé kan náà ló ń wà lára ògiri ní Second Avenue àti lára ògiri ní abúlé, kò sì sí ẹni tí kò lè kà á ní ìkángun méjèèjì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń fi èdè ìyá sí, bí àyè bá ṣẹ́ kù: “Ije oma” fún Ìgbò, “Sùn un re” fún Yorùbá.

Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni àwọn àgbà orílẹ̀-èdè fi ń bá ẹ̀yà mìíràn kẹ́dùn. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù Èbìbí 1987, Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, tí òun àti olóògbé bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé, ló sọ pé Awólọ́wọ̀ ni ààrẹ tó dára jù lọ tí Nàìjíríà kò ní rí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, gbogbo ìlú ló sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà méjì ni àjálù ńlá dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí 2006, páìpù epo bú gbàmù ní etíkun Ìládò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bu epo lára rẹ̀. Ó lé ní 150 tó jóná kọjá mímọ̀, wọ́n sì sin wọ́n papọ̀ nínú iyanrìn etíkun náà. Kò sí “obituary” fún wọn, kò sí “transition”, kò sí “survived by”. “Vandals” ni ìwé ìròyìn pè wọ́n. Ẹbí wọn náà kò lè jáde wá gba ìbánikẹ́dùn, nítorí gbígba “condolence” nígbà náà jọ pé ènìyàn ń jẹ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fọ̀ nílò orúkọ, ó nílò àwòrán, ó sì nílò owó ìtẹ̀wé. Ẹni tí kò ní mẹ́ta yìí bọ́ síta rẹ̀.

Abúlé Adó yàtọ̀. Ní òwúrọ̀ Sunday ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ̀nà 2020, ìbúgbàmù gáàsì àti páìpù epo wó ilé rẹpẹtẹ lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 20. Ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College wà lára ohun tó bàjẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dé ibẹ̀, ìjọba Èkó sì dá owó ìrànwọ́ bílíọ̀nù ₦2 sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn dé láti Abuja, láti ìjọ Kátólíìkì, láti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Fún Sister Alokha, “martyr” àti “heroine” ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó ju “late” lọ fíìfíì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ti Èkó pa nítorí àrùn COVID-19. Àwọn tó kú lásìkò yẹn kò ní àpèjẹ, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti wo ìsìnkú.

Láti ìgbà náà ni fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwé géètì. Bí ikú ènìyàn bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti Close kan, “RIP” á máa rọ́ wọlé tẹ̀ léra wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn Kátólíìkì ló ni ọ̀rọ̀ yẹn láti ìpilẹ̀, Látìn ni, wọ́n ń kọ ọ́ sára sàréè wọn. Àwọn pásítọ̀ kan sì ń kọ̀ ọ́ títí di òní pé òkú kò sí lẹ́ni tí à ń gbàdúrà fún mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kò rojọ́ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn àgbà ló ní ẹjọ́ mìíràn: wọn kì í ka “RIP” sí ìkíni. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ tí kò yọjú, wọ́n máa sọ pé kò kí àwọn, Gẹ̀ẹ́sì yòówù kó kọ. Nítorí náà ni ìkéde ọ̀fọ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ní Festac ṣe sábà máa ń parí pẹ̀lú “condolence visit”, ọjọ́ rẹ̀, àti wákàtí tí gbogbo ilé tó wà nínú Close máa jọ pàdé lẹ́nu géètì. Bí wọ́n bá wọlé, alága ẹgbẹ́ á fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà “fortitude” fún gbogbo ẹbí. Lẹ́yìn náà ni kálukú máa sún mọ́ ọlọ́fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Yorùbá, Ìgbò tàbí pijin á sì bẹ̀rẹ̀.